Ọmọ Igi, Ajá Ilé àti Ọ̀bọ Mẹ́síkò

Láyé àwọn bàbá ńlá wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, òbí kì í káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n á lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n á wá gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Ère náà kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i pé kò jọ ọmọ ọwọ́ rárá. Ìkókó ló kú o, àmọ́ àgbàlagbà ni wọ́n máa ń gbẹ́: ọmú á yọ, irun á ga ní àtàrí, ilà ìdílé á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gba owó rẹ̀ tán ni iṣẹ́ ìyá tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá ń wẹ èyí tó wà láàyè, á wẹ èyí tó jẹ́ igi. Á fi osùn pa á lára, á fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀. Nígbà tí búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun dé ọjà, ọ̀pọ̀ ìyá yà sídìí búlúù. Á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí, á wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù, á gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Bílẹ̀ bá ṣú, á tẹ́ ẹ sùn. Bó bá ń ròde, á fi ìró gbá a mọ́ra lọ. Ẹ lọ wo àwọn tó wà ní mùsíọ̀mù Oníkan ní Èkó, tàbí àwọn tó wà ní British Museum ní London. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni imú ti tẹ́, tí ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, tí ilà ojú kò hàn mọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ọwọ́ ìyá, omi àti osùn ni wọ́n fọ ojú yẹn dán, láràárọ̀, láti ọdún dé ọdún. Àwọn òyìnbó tó ń kó ère jọ, irú èyí tí ojú rẹ̀ ti dán bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá, owó gọbọi ni wọ́n sì ń ná lé e lórí.

Ní àwọn ọdún 1970, olùwádìí méjì láti Amẹ́ríkà, Marilyn Houlberg àti Stephen Sprague, kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n bá pàdé nílẹ̀ Yorùbá. Ère igi ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kò fẹ́ rí i. Ṣé ìyá wá fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Rárá o. Àwọn kan lọ ra bèbí onírọ́bà lọ́jà, wọ́n fi ṣe ìbejì. Àwọn mìíràn lọ sọ́dọ̀ ayafọ́tò. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ayafọ́tò á ya èyí tó kù láàyè, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìbejì lè pé méjì padà. Bó bá jẹ́ akọ kan abo kan ni wọ́n, ọmọ tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á bọ́ ọ, á wọ ti ẹnìkejì, wọ́n á tún yà á. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà ní Ìlá, wọ́n ti ń ṣe é nínú yàrá dúdú.

Mo rò pé kò wọ́pọ̀ mọ́ kí ìyá máa wẹ ère ní Mushin, bó bá sì wà, kò ní sọ ọ́ létí pásítọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká wo ìyá yẹn nìkan. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé rí mọ́. Wọ́n wá fún un ní ohun tí yóò máa gba ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun náà lẹ́wà, ọ̀jáfáfá ló gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e kọ́ sára ògiri kí ó máa wò ó. Ó ń bèèrè omi, ó ń bèèrè oúnjẹ, ó ń bèèrè kí wọ́n tẹ́ ẹ sùn.

Nílé ọ̀fọ̀ lóde òní, ọ̀rọ̀ ló pọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Ọ̀rọ̀ náà dára, mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kẹjọ, wọ́n á ti jẹ sàráà fídáù tán, wọ́n á ká kánópì, àwọn tó yáni ní àga á wá kó àga wọn, ẹbí tó ti Ìjẹ̀bú wá á wọkọ̀ padà ní Ojọ́ta. Láti ọjọ́ kẹjọ yẹn títí tí ìrọ́jú á fi bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ọwọ́ ẹni tí nǹkan ṣe kì í rí nǹkan kan dì mú.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Surulere, kò jìnnà sí Màṣà. Ọkọ wọn kú, àwọn ọmọ wà ní Kánádà, ajá tí bàbá ń sìn ló ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wọn nínú fúláàtì. Wọn ò fẹ́ràn ajá náà rí. Nígbà tí bàbá wà láyé, irun ajá lórí àga pálọ̀ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ajá kò sì mọ̀ pé opó ń ṣọ̀fọ̀. Bó bá ti di aago mẹ́fà ààbọ̀, á ti máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn, á máa kùn, títí ìyá á fi dìde wọ́ aṣọ lé ara. Wọ́n á mú okùn, ó di títì. Mo pàdé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ tètè jí o.”

“Ṣé ó ń jẹ́ kéèyàn sùn ni?” ni ìyá fèsì. “Ọ̀gá ẹ̀ ti lọ sinmi, èmi ló wá sọ di ọmọ ọ̀dọ̀. Wò ó bó ṣe ń fà mí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó.”

Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Alákàrà ìkóríta ti ń pè wọ́n ní Ìyá Alájá. Fọkanáísà ń kí wọn. Ẹlẹ́ran ń bá wọn tọ́jú egungun sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n á sì jọ ná an lówó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí egungun tí kò tó nǹkan. Àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ ìyá yìí títí kí wọ́n máa jáde, ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ajá ló fi okùn fà wọ́n síta.

Àwọn kan á sọ pé àṣà òyìnbó ni fífẹ́ràn ajá. Wọn ò bá ọdẹ gbé rí ni. Ajá ọdẹ ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran ìgbẹ́, ọdẹ tó bá sì rẹ́ ẹ jẹ, ojú tì í lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ Mushin tó ń bọ Ògún mọ ohun tí Ògún ń jẹ, ajá sì mọ̀ ọ́n náà. Ṣùgbọ́n àwa yìí kan náà la máa ń sọ ajá lórúkọ tó gùn ju ti ọmọ lọ. Tanímọ̀la. Ẹ̀yìnlàárò. Olówó rẹ̀ á dúró lẹ́nu géètì, á pe orúkọ yẹn kíkankíkan, aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn á sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Eré náà lè di ẹjọ́ nígbà mìíràn: ní ọdún 2016, ní Sàngó-Ọ̀tà, ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan torí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari. Ti ológbò, ẹ jẹ́ ká má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń gbé face-me-I-face-you tó sì ń sin ológbò dúdú, kó ti múra ohun tó máa sọ nígbà tí ọmọ yàrá kejì bá ń ṣàìsàn.

Ibi tí mo ń bá bọ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí ẹran ọ̀sìn ti ń bá aláìsàn gbé nílé ìwòsàn. Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ Yábà Left. Orúkọ ibùdókọ̀ ni lẹ́nu kọ̀ǹdọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní “Yábà Left ni ọ̀rọ̀ tìẹ”, wọ́n ti ní orí rẹ ti dàrú nìyẹn. Ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀ ló fa òwe náà. Ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí i, nígbà yẹn ibi tí wọ́n ń kó wèrè pamọ́ sí kúrò lójú àwùjọ ni, ìtọ́jú kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, òkùnkùn, pàṣán.

Ní ìlú York, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin ìjọ Quaker kan kú ní 1790 nínú ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn ará ìjọ rẹ̀ rí i kó tó kú. Oníṣòwò tíì kan láti inú ìjọ náà, William Tuke, sọ pé àwọn á kọ́ tàwọn. Ilé náà, tí wọ́n ń pè ní Retreat, ṣí ilẹ̀kùn ní 1796. Kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Àwọn aláìsàn ń ṣiṣẹ́ ọgbà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń jókòó mu tíì bí ọmọ ènìyàn. Nínú àgbàlá tí wọ́n ti ń gbatẹ́gùn, Tuke àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kó ehoro, adìẹ, àṣá àti ẹyẹ etí òkun síbẹ̀. Ẹni tí kò lè wo ènìyàn lójú mọ́ ṣì lè da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ, adìẹ kò sì ní bi í léèrè ohun tó ṣe é. Samuel, ọmọ ọmọ Tuke, kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1813, ìwé náà sì tàn kálẹ̀.

Ẹ máà jẹ́ kó yà yín lẹ́nu jù. Nítòsí wa níbí, ní Àrò l'Ábẹ́òkúta, dókítà ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lambo, ṣe ohun tó jọ ọ́ láti 1954, àwọn oníṣègùn ayé sì wá wò ó. Dípò kí ó ti aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí Àrò ká, ẹbí kan á sì bá aláìsàn wá. Wọ́n á gba oògùn ní ilé ìwòsàn, wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á bá wọn lọ sóko, wọ́n á bá wọn jókòó lábẹ́ igi lálẹ́. Lambo kò tilẹ̀ lé àwọn adáhunṣe jìnnà, ó pè wọ́n mọ́ra. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹni tó bá ń ṣe nọ́ọ̀sì ti gbọ́ orúkọ Florence Nightingale, ṣùgbọ́n bóyá wọ́n sọ fún wọn nípa òwìwí rẹ̀, mi ò mọ̀. Ní 1850, ní ìlú Athens, ó bá àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi ọmọ òwìwí ṣeré ìkà. Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ ní Athena, ó sì ń gbé e kiri nínú àpò aṣọ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo nọ́ọ̀sì tó wọ wọ́ọ̀dù ní Mushin tó yọ òwìwí lápò! Ó kù díẹ̀ kí ó lọ sí ogun Crimea ní 1854 ni ẹyẹ náà kú, ó sì dùn ún débi pé ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú òkú rẹ̀ kó má jẹrà; òkú ẹyẹ náà ṣì wà ní mùsíọ̀mù Nightingale ní London títí dòní. Nínú ìwé tó kọ fún àwọn olùtọ́jú aláìsàn ní 1859, ó sọ pé ẹran ọ̀sìn kékeré dára láti bá aláìsàn gbé, pàápàá ẹni tí àìsàn rẹ̀ pẹ́.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni onímọ̀ ọkàn kan ní New York, Boris Levinson, rí i pé ọmọ kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ń bá ajá òun, Jingles, ṣeré. Ó sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í pé èló ni ajá ń gbà nínú owó iṣẹ́. Lónìí, ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ń mú ajá wọ wọ́ọ̀dù ọmọdé.

Ti iṣẹ́ ọnà náà ní ìtàn tirẹ̀. Adrian Hill, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ikọ́ ife ní 1938, wọ́n sì dá a dùbúlẹ̀ ní Midhurst. Ìtọ́jú ikọ́ ife nígbà yẹn kò ju kéèyàn sùn kalẹ̀ lọ. Hill mú pẹ́ńsù, ó ń ya ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláìsàn yòókù, títí kan àwọn sójà tí ogun Hitler ti bà jẹ́. Ní 1942 ló fún iṣẹ́ náà lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é báyìí, art therapy, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1945. Ikọ́ ife kan náà ló dá Susanne Wenger, òyìnbó ayàwòrán, dùbúlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kò pẹ́ lẹ́yìn tó dé ní 1950. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ àwọn olórìṣà ní Ẹdẹ ló gbà lọ, ó sì parí rẹ̀ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó yí i ká ti mọ àwọn ère ńláńlá; UNESCO fi igbó náà sórí ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Ẹni tó rò pé kò sí nǹkan kan ní Mushin ju agbèrò àti páàtì ọkọ̀ Ládípọ̀ lọ, kó bèèrè Papa Àjàó. Ibẹ̀ ni Bruce Onobrakpeya, tí wọ́n bí ní 1932, ní ilé iṣẹ́ àti ibi ìpàtẹ àwòrán rẹ̀. Òun ló ya àwòrán inú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ní 1968. Ní àwọn ọdún 1960 kan náà, ó ya ìrìn ìjìyà Jésù fún ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, láti ilé ẹjọ́ Pílátù dé ibojì, ó sì fi ara àti aṣọ ilẹ̀ wa hàn nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọnà bíi ti àdìrẹ lẹ́yìn wọn. Ní 1969 ó gbẹ́ ẹ sára línò, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Mo máa ń ronú nípa ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wọ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, tó gbójú sókè, tó rí ìyá mìíràn tó fi aṣọ bíi tirẹ̀ wọlé ọ̀fọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá ń bá jà nílò dókítà àti oògùn. Ajá kò lè gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn Yábà ṣe. Ajá náà sì ń jẹun. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ẹlòmíràn kò lè bọ́ ara rẹ̀ dáadáa, ká má tíì sọ ajá tó ń jẹ ẹran. Abẹ́rẹ́ digbòlugi ọdọọdún kò ṣeé fi ṣeré rárá ní àdúgbò tí ọmọdé pọ̀ sí. Ẹni tó ń ronú odídẹrẹ́, kó mọ̀ pé láti ìpàdé CITES tó wáyé ní Johannesburg ní 2016, èyí tí wọ́n mú nínú igbó kò tún ṣeé fi ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nítorí ẹyẹ náà ti ń tán nínú igbó wa. Onílé mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn ajá, àyàfi tirẹ̀.

Nígbà kónílé-ó-gbélé kòrónà, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Surulere àti Yábà ló rí i pé yàrá kan lè di ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó ní ohun tó ń bèèrè ọwọ́ wọn ló rọ̀ lọ́rùn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ adìẹ méjì nínú àkámọ́, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń sín, tàbí àkísà aṣọ tí télọ̀ ń rán pọ̀ di ìbora. Nǹkan tí ìròyìn kò lè mú dáwọ́ dúró.

Ó wá ku ẹni tó so ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà pọ̀ jù lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ní Coyoacán, létí ìlú Mexico City, wọ́n bí Frida Kahlo ní 1907. Ayafọ́tò ni bàbá rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó fẹ́ di dókítà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án 1925, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ń ti ilé ìwé bọ̀, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú sì kọlù ú. Irin ìdìmú kan gún un láti ìbàdí já. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Ẹni tó bá ti rí ìjàǹbá danfo rí ní Ojúẹlẹ́gbá kò nílò kí n ṣàlàyé síwájú sí i.

Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ìwòsàn dè é láti ọrùn dé ìbàdí, ó ń wo àjà. Ìyá rẹ̀ ní kí káfíńtà kan pákó ìyàwòrán tó máa ṣeé lò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbé dígí sókè orí bẹ́ẹ̀dì náà kó lè máa rí ara rẹ̀. Ọ̀dà bàbá rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àwòrán tó fi sílẹ̀, ojú ara rẹ̀ ni. Nígbà tó tún di dandan kó wọ sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mìíràn, ó fi ọ̀dà kun sìmẹ́ǹtì náà gan-an lára rẹ̀.

Ó fẹ́ ayàwòrán ńlá, Diego Rivera, ní 1929. Ó fẹ́ bímọ, ara rẹ̀ kò gbà á. Ní Detroit, ní 1932, oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ; ó ya gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán ní ọdún kan náà, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀, ọmọ, láìfi nǹkan kan pamọ́. Àwòrán yìí ṣòroó wò. Èmi gbà pé nígbà mìíràn ẹni tí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ gbé ohun tó ṣe é jáde sí ìta ara rẹ̀ kó tó lè jókòó tì í.

Ilé rẹ̀ ní Coyoacán, tí wọ́n kùn ní búlúù, kún fún ẹran: ajá Mẹ́síkò tí kò nírun lára, ayékòótọ́, ìgalà kékeré kan tó ń jẹ́ Granizo, àti ọ̀bọ. Àwọn ọ̀bọ yìí wà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀, wọ́n á di ọrùn rẹ̀ mú, ọwọ́ wọn á rọ̀ sí èjìká rẹ̀. Nínú èyí tó yà ní 1943, mẹ́rin ni wọ́n yí i ká. Àwọn tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń sọ pé ọ̀bọ wọ̀nyí dúró fún ọmọ tí kò rí bí. Àlàyé yẹn lè le fún ẹlòmíràn láti gbé mì, ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá mọ oríkì ìbejì mọ̀ pé ẹdun, irú ọ̀bọ kan, ni wọ́n ń fi pè wọ́n, ìdílé ìbejì mìíràn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹran ẹdun. Ọ̀bọ lápá obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ kò ṣàjèjì sí wa tó bí ẹnìkan ṣe lè rò. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ mú ọ̀bọ wá sí Mushin o. Ẹran ìgbẹ́ ni, igbó ni ilé rẹ̀.

Frida kú ní 1954, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọdún tí wọ́n ṣí Yábà ni wọ́n bí i, ọdún tí Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní abúlé Àrò ló sì kú. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan, ó kàn wù mí kí n sọ ọ́. Ilé búlúù náà ti di mùsíọ̀mù láti 1958.

Àwòrán kan tó yà ní 1937 wà ní mùsíọ̀mù MoMA ní New York. Òun àti ọ̀bọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Fulang-Chang ni. Ó fi í ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kan lọ́rẹ, ó sì fi dígí kan tó ní férémù tó bá ti àwòrán náà mu kún un, kí wọ́n gbé méjèèjì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀rẹ́ náà lè máa rí ojú ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Frida àti ti ọ̀bọ. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ lónìí, òun ni ẹnì kẹta inú ìdílé náà. Bó bá jẹ́ obìnrin Surulere ló débẹ̀, ó dá mi lójú pé gèlè ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe.